Oúnjẹ Ni Tàbí Eré Ìdárayá? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Dín Ìwọ̀n Ara Rẹ̀ Kù

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó fẹ́ dín sísanra kù ni pé, ṣé kí òun dín oúnjẹ kù ni àbí kí òun máa ṣe eré ìdárayá. Lójú tèmi, ibi tí ènìyàn bá dé lẹ́nu iṣẹ́ náà ni yóò sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Oúnjẹ ló ń mú kí ara fúyẹ́. Eré ìdárayá ló ń jẹ́ kí ara tó ti fúyẹ́ má ṣe padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì ń dáàbò bo iṣan kí ó má baà bá ọ̀rá lọ. Bí a ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ inú ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn: a ó ti ìdí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, a ó fi ìrìn kún un, a ó fi eré tó ń mú iṣan le kún ìyẹn, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kí a dé ibi tí à ń lọ, eré ìdárayá yóò wá bọ́ síwájú.

Ìdí tí oúnjẹ fi ṣíwájú

Kálórì ni a fi ń ka agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ. Gíráàmù kan ọ̀rá tàbí òróró ní kálórì 9, gíráàmù kan purotéènì, sítáàṣì tàbí ṣúgà ní 4, ti álíkọ́ọ̀lù inú ọtí sì jẹ́ 7. Ọ̀rá tó wọn kílò kan lára ènìyàn kó nǹkan bí kálórì 7,700 pamọ́. Ẹni tó wọn kílò 70, tó sì fi wákàtí kan gbáko rìn kíákíá, yóò lo nǹkan bí 250 sí 300, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ara rẹ̀ ì bá lò bó tilẹ̀ jókòó sílé. Agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan tó gba mílílítà 330 ní nǹkan bí 140, ìṣẹ́jú mélòó kan ló sì gbà láti mu ún tán. Ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi agolo méjì sílẹ̀ lójúmọ́ ju kí wọ́n wá wákàtí kan tí wọn yóò fi máa rìn lójoojúmọ́.

Ìwádìí bá ìṣirò yìí mu. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín obìnrin 439 tí wọ́n ti kọjá àkókò nǹkan oṣù, tí ara wọn sì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, sí ọ̀nà mẹ́rin fún ọdún kan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Ìwọ̀n ara àwọn tó yí oúnjẹ nìkan padà fi ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ti àwọn tó ṣe eré ìdárayá nìkan fi 2.4 dín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú 45 ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe. Àwọn tó pa méjèèjì pọ̀ ló fúyẹ́ jù, tiwọn fi 10.8 dín, nígbà tí ti àwọn tí kò yí nǹkan kan padà kò tó 1.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, èyíinì ni pé bí a bá ń ṣe eré ìdárayá sí i, ara máa ń wá ibòmíràn tí yóò ti ṣọ́ agbára lò. Olùwádìí Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára tí àwọn Hadza ní Tanzania ń lò lójúmọ́, àwọn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà láti ṣọdẹ àti láti wá oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n ro bí ara kálukú ṣe tóbi tó mọ́ ọn, wọ́n rí i ní 2012 pé agbára tí àwọn Hadza ń lò kò ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ. Àwọn oògùn tuntun bíi semaglutide, tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú àsanjù lóde òní, náà tọ́ka sí oúnjẹ: ìyánu fún oúnjẹ ni wọ́n ń dín kù, wọn kò sọ ẹnikẹ́ni di eléré ìdárayá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ẹ wà, kí ẹ sì mọ bóyá ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rí dókítà

Aláboyún, ọmọdé tó ṣì ń dàgbà àti ẹni tí oúnjẹ ti dà láàmú rí débi pé ó ń febi pa ara rẹ̀ tàbí ó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì, kò gbọdọ̀ fi ìtọ́sọ́nà yìí ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé oníṣègùn wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà mìíràn tó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó dín oúnjẹ kù, nítorí oògùn náà lè nílò àdínkù. Ẹ béèrè bákan náà bóyá oògùn tí ẹ ń lò wà lára àwọn tó ń mú ènìyàn sanra, bí àwọn oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù kan àti àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ kan. Ẹ má ṣe dá wọn dúró fúnra yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Ẹ pín iye kílò náà sí ìlọ́po gíga yín ní mítà pẹ̀lú ara rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tó ga ní mítà 1.65, tó sì wọn kílò 82, yóò pín 82 sí 2.72, yóò sì rí 30. Bí ohun tí ẹ rí bá wà láàárín 18.5 sí 24.9, ìwọ̀n ara yín dára. Láti 25 ni wọ́n ti ń pè é ní ìwúwo jù, láti 30 sì ni àsanjù. Ẹ fi téèpù wọn ikùn yín pẹ̀lú, ní àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, torí ọ̀rá inú ikùn ló léwu jù. Ewu ti ń pọ̀ sí i bí ó bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin tàbí 80 fún obìnrin, ó sì ti ga gan-an bí ó bá kọjá 102 tàbí 88.

Àfojúsùn àkọ́kọ́ yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwọ̀n tí ẹ wà nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ogún ọdún. Ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sàn sí i. Fún ẹni tó wọn kílò 82, kílò 4 sí 8 nìyẹn. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ènìyàn 3,234 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń sún mọ́ dẹ̀dẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, ìdá 7 ni wọ́n fi ṣe àfojúsùn, pẹ̀lú eré ìdárayá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ewu kí àrùn náà mú wọn sì fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Oògùn metformin tí wọ́n fún àwọn mìíràn fi 31 dín in.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Fún ọjọ́ méje, ẹ kọ gbogbo ohun tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá sílẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tàbí mu ún, ẹ má dúró dìgbà tí alẹ́ bá lẹ́. Òróró tí ẹ dà sínú apẹ, ṣíbí tí ẹ fi tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná, àjẹkù àwọn ọmọ, ṣúgà inú tíì àti ọtí tí ẹ mu nílé ọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré nílé ìdáná, ẹ fi wọn òróró, ìrẹsì àti ẹ̀pà fún ọjọ́ díẹ̀, ojú yín yóò là.

Èmi gbà pé ìgbésẹ̀ yìí ló ṣòroó ṣe jù, òun náà ni àwọn ènìyàn sì ń fò jù. Ní 1992, ìwádìí kan jáde lórí àwọn kan tí wọ́n sanra púpọ̀, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn kì í jẹun púpọ̀, síbẹ̀ àwọn kò fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà tó dájú wọn agbára tí ara wọn ń lò, wọ́n rí i pé oúnjẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí èyí tí wọ́n jẹ, eré ìdárayá tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì fi ìdá 51 ju èyí tí wọ́n ṣe lọ. Mi ò rò pé irọ́ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa. Ọkàn kì í rántí ohun tí ọwọ́ bù sẹ́nu láìjókòó ti oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá kálórì 500 tí ẹ ó yọ kúrò lójúmọ́

Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ, kí ẹ wá ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀ láìsí pé ebi yóò máa pa yín. Ohun mímu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí kì í yó ènìyàn bí oúnjẹ tí a fi eyín jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má ṣe kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì ojúmọ́, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 50 fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, agolo ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo sì ní nǹkan bí 35. Omi èso inú páálí kò yàtọ̀ sí i púpọ̀ ní ti ṣúgà. Ẹ jẹ èso náà fúnra rẹ̀.

Òróró ló tẹ̀ lé e. Ṣíbí ńlá kan péré ní nǹkan bí kálórì 120, kò sì sí ẹni tó ń fi ṣíbí wọn ọ́n nígbà tó bá ń dín nǹkan lórí iná. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ṣíbí méjì tí kò pọn dandan lójúmọ́ ti di 240. Bí ẹ bá fi agolo méjì ohun mímu kún un, 280, ẹ ti kọjá 500 láìtíì fọwọ́ kan oúnjẹ gidi kankan. Ẹni tí kì í mu ẹlẹ́rìndòdò lè rí tirẹ̀ nínú ọtí, bísíkíìtì tàbí oúnjẹ òru.

Lórí ìwé, 500 lójúmọ́ jẹ́ 3,500 lọ́sẹ̀, èyí tó sún mọ́ ìlàjì kílò ọ̀rá. Bí oṣù bá ṣe ń gorí oṣù, yóò máa lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ sì ń bọ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹjọ. Ẹ má ṣe torí ìkánjú sọ 500 di 1,000. Obìnrin tó bá ń jẹ ohun tí kò tó 1,200 lójúmọ́, tàbí ọkùnrin tí tirẹ̀ kò tó 1,500, gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àbójútó oníṣègùn. Òótọ́ ni pé ìwádìí kan ní Bìrìtéènì, tó jáde ní 2017, fi oúnjẹ olómi tí kálórì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 850 lójúmọ́ lọ tọ́jú àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà fún ìgbà tí wọ́n fi tọpa wọn ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló ń tọ́ wọn sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tún àwo oúnjẹ yín tò

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìlàjì àwo, kí ẹja, ẹyin, ẹran tí kò lọ́ràá tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí oúnjẹ onísítáàṣì sì gba èyí tó kù. Purotéènì ń jẹ́ kí ènìyàn tètè yó, ó sì ń ran iṣan lọ́wọ́, gíráàmù 1.2 sí 1.6 fún kílò ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ dára fún ẹni tó ń dín ìwọ̀n ara kù, àyàfi ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín, tí dókítà ni yóò sọ tirẹ̀ fún un. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6, gíráàmù 100 ẹja tàbí adìẹ sísè sì máa ń ní 20 sí 30.

Àríyànjiyàn lórí ọ̀rá àti sítáàṣì kò yẹ kó gba oorun lójú yín. Ní Yunifásítì Stanford, àwọn àgbàlagbà 609 fi ọdún kan jẹ oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré tàbí èyí tí sítáàṣì rẹ̀ kéré. Nígbà tí èsì jáde ní 2018, àwọn ti àkọ́kọ́ fi kílò 5.3 fúyẹ́, àwọn ti kejì fi 6.0, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbààwẹ̀ ní wákàtí kan pàtó: ó wúlò fún ẹni tó bá bá lára mu, nítorí pé ó ń dín kálórì kù, kò ní agbára mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìwọ̀nyí lọ ni bí oúnjẹ ṣe jìnnà sí ilé-iṣẹ́ tó. Olùwádìí Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ènìyàn 20 sí ibì kan fún oṣù kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n jẹ oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ti pò pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi èròjà, fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn wọ́n jẹ èyí tí a sè láti inú ohun tútù, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ títí yóò fi yó. Èsì tó jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí kálórì 500 ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ jù lójúmọ́, ìwọ̀n ara wọn sì fi 0.9 kílò lé sí i.

Àti oorun pẹ̀lú. Ìwádìí kan ní 2022 fi hàn pé nígbà tí àwọn tí kì í sùn tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ wá ń sùn pẹ́ sí i, nǹkan bí kálórì 270 ni oúnjẹ wọn fi dín lójúmọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí oúnjẹ ti fìdí múlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyára tó yẹ ni èyí tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè lúwẹ̀ẹ́ tàbí kó gun kẹ̀kẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn máa fi oúnjẹ san ẹ̀san eré ìdárayá fún ara rẹ̀. Iye kálórì tí aago ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ìsáré ń gbé jáde kò ṣeé gbára lé, nítorí náà ẹ má ṣe torí iye tó bá kọ fi kún oúnjẹ yín. Èkejì ni kí ènìyàn rìn fún ìlàjì wákàtí láàárọ̀, kó wá jókòó gẹlẹtẹ títí ilẹ̀ fi ṣú torí ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dáàbò bo iṣan yín

Ẹni tó bá ń fi oúnjẹ nìkan dín ara kù ń pàdánù iṣan mọ́ ọ̀rá, òṣùwọ̀n kò sì lè sọ èyí fún un. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 lórí àwọn àgbàlagbà 107 tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó yí oúnjẹ padà fi ìdá 10 fúyẹ́. Àwọn tó pa oúnjẹ àti eré ìdárayá pọ̀ fi 9 fúyẹ́. Ara àwọn tó ṣe eré ìdárayá nìkan kò fúyẹ́. Ẹni tó bá wo òṣùwọ̀n nìkan yóò ní eré ìdárayá kò wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa méjèèjì pọ̀ ni agbára wọn láti rìn àti láti dìde pọ̀ jù, iṣan tó bá ọ̀rá lọ lára wọn sì kéré sí ti àwọn tó yí oúnjẹ nìkan padà.

Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa jókòó sórí àga kí ẹ sì dìde láìfi ọwọ́ tì í, ẹ máa fi ọwọ́ ti ògiri bí ẹni fẹ́ tì í ṣubú, kí ẹ sì máa gbé ohun tó wúwo láti ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó tọ́. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mejìlá, ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bó bá ti rọrùn jù, ẹ fi ìwúwo kún un. Eré ikùn kò lè yọ ọ̀rá ikùn nìkan. Ara ló ń yan ibi tí yóò ti mú ọ̀rá.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ mọ bí a ṣe ń ka òṣùwọ̀n

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò méjì lè lọ, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí sítáàṣì tí ara tọ́jú pamọ́ máa ń di omi mọ́ra. Iyọ̀, nǹkan oṣù àti eré ìdárayá tuntun lè mú kí ó gòkè padà lọ́la. Ẹ wọn ara láràárọ̀, kí ẹ kó iye ọjọ́ méje pọ̀, kí ẹ pín in sí méje, kí ẹ sì fi ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wọn ikùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn tó ń fi náílọ́ọ̀nù wé ikùn láti làágùn ń tan ara wọn ni: bí kílò 10 ọ̀rá bá jó tán lára, nǹkan bí 8.4 ló ń bá èémí jáde, 1.6 tó kù ló ń di omi.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí òṣùwọ̀n bá dúró sójú kan

Ara tó ti kéré kò nílò oúnjẹ tó ara ńlá, nítorí náà kálórì 500 tí ẹ yọ níbẹ̀rẹ̀ kò tó 500 mọ́. Ìdínkù tún máa ń wà lórí ìyẹn. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn 14 tó kópa nínú ìdíje dídín ara kù kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà wò lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìwádìí náà, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ara wọn ń lo nǹkan bí kálórì 500 dín sí bó ṣe yẹ lójúmọ́. Àwọn wọ̀nyẹn fi ìkánjú ńlá fúyẹ́ o, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá láìsí ìyípadà, ẹ tún ìgbésẹ̀ kejì ṣe, torí pé ìwọ̀n oúnjẹ tó ń padà wọlé láìròtẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ibí ni ẹ ó ti máa fi kún ìrìn dípò kí ẹ tún dín oúnjẹ kù.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Nígbà tí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ ń lọ

Àkókò yìí ni eré ìdárayá di olórí iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ti ń ṣe àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n fi ó kéré tán kílò 13.6 fúyẹ́, tí wọ́n sì dúró síbẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, láti 1994. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń ṣe eré ìdárayá, tó jẹ́ nǹkan bí wákàtí kan lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba, ìdá 75 sì ń gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Nítorí náà, ẹ máa gbé ìrìn yín lọ sí ìṣẹ́jú 300 lọ́sẹ̀, ẹ má ṣe fi eré tó ń mú iṣan le sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi kálórì 100 kún oúnjẹ ojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí òṣùwọ̀n yóò fi dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye kan sílẹ̀ tó fi kílò méjì ju ìwọ̀n tuntun yín lọ. Lọ́jọ́ tí ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ bá kọjá iye yẹn, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì láì dúró de oṣù tó ń bọ̀.